Hard disk àtijọ́ nínú kọ̀ǹpútà tuntun: èwo ló yẹ kí n lò?

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Fídíò ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà ni mò ń yà. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gé e ti rẹ̀ ẹ́ pátápátá, mo wá ń to tuntun. Motherboard, RAM, power supply àti NVMe (SSD tó ń wọ ojú M.2 lórí motherboard) 500 GB kan ti wà nílẹ̀. Ibẹ̀ lowó tán sí. Àwọn tí mo ní látẹ̀yìn rèé:

– hard disk 1 TB, irú ńlá ti desktop. Iṣẹ́ àwọn oníbàárà ló kún inú ẹ̀.
– hard disk 500 GB tí mo yọ lára laptop tó kú. Ó máa ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ nígbà míì.
– SSD 240 GB, irú tó ń lo wáyà SATA. Windows 10 mi wà lórí ẹ̀.

Ṣé mo kàn lè gbé SSD yẹn sínú tuntun kí Windows tan bó ṣe wà? Ṣé kí n sì máa kó iṣẹ́ sórí 1 TB yẹn lọ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n lọ ra tuntun, gbogbo wa la mọ bí ọjà ṣe rí.

Alápẹpẹ (Ọ̀yọ́)

Ẹ lo gbogbo ẹ̀, jàre. Disk kì í darúgbó. Èyí tó wà nínú tèmi ti wà níbẹ̀ láti ayé Windows 7, kò dà mí láàmú rí.

Ọ̀gá_Otigba (Ìkẹjà)

Alápẹpẹ, ẹ má ti ọmọ ọlọ́mọ sí kòtò. Disk ń darúgbó, pàápàá èyí tó ń yí. Tiyín kàn ní orí ire ni.

Ayàwòrán, ẹ má tíì fọwọ́ kan súkúrù kankan. Ẹ so disk kọ̀ọ̀kan mọ́ kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ṣì ń lò, kẹ́ ẹ fi CrystalDiskInfo yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ń lo Linux, smartctl ni kó lò. Gbogbo disk ló máa ń kọ àkọsílẹ̀ nípa ara ẹ̀, SMART ni wọ́n ń pè é. Ìlà púpọ̀ ló wà níbẹ̀, àmọ́ díẹ̀ ló kàn yín.

05 ni iye ibi tó ti bàjẹ́ tí disk ti fi àyè ìpamọ́ rọ́pò. C5 ni àwọn ibi tí kò rí kà dáadáa, tí kò sì tíì mọ ohun tó máa fi wọ́n ṣe. C6 ni èyí tó ti gbìyànjú tì. Bí nọ́mbà bá wà níwájú C5 tàbí C6, tó sì ń pọ̀ sí i, disk yẹn ti ń dágbére.

C7 yàtọ̀. Àṣìṣe ojú ọ̀nà ni, láàárín disk àti motherboard. Wáyà SATA ló sábà ń fà á. Mo ti rí àwọn tó ju disk tó dáa nù nítorí C7, wáyà tí owó ẹ̀ kò tó nǹkan ló ń ṣe wọ́n.

09 ni wákàtí tó ti lò. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ rà, ẹ má gba 09 gbọ́ tán. Àwọn kan ń dá a padà sí òdo kí wọ́n tó gbé e sí ṣọ́ọ̀bù. Ojú ihò súkúrù ni kẹ́ ẹ wò: bí ọ̀dà ibẹ̀ bá ti ha, tí ojú wáyà rẹ̀ ti ní ìlà tínńtín-tínńtín nítorí fífà yọ fífà wọlé, tí wákàtí ẹ̀ wá jẹ́ 3, ẹ dá a padà fólóhun.

Àbíkẹ́_Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ̀gbọ́n Ayàwòrán, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi Windows sórí NVMe tuntun yẹn, ẹ yọ wáyà gbogbo disk àtijọ́. NVMe nìkan ni kó wà lára ẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí.

Ìdí ni pé bí Windows bá rí disk mìíràn tó ti ní àyè ìtanná tẹ́lẹ̀ (EFI), ibẹ̀ ló lè kó fáìlì tó fi ń tan sí, tó bá tilẹ̀ jẹ́ pé orí NVMe lẹ ní kó gbé ara ẹ̀ kà. Ẹ ò ní mọ̀. Ó máa tan dáadáa. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá yọ hard disk àgbà yẹn, tàbí tó bá kú fúnra ẹ̀, kọ̀ǹpútà ò ní tan mọ́, ẹ ó máa rò pé NVMe ló bàjẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, bí disk mẹ́rin bá tò lójú ìwòran nígbà tí oorun ń kun èèyàn, kò ṣòro láti fọ́máàtì èyí tí iṣẹ́ oníbàárà wà lórí ẹ̀.

Ẹ yẹ BitLocker, ètò Windows tó ń ti disk pa, náà wò. Disk tó bá wà lábẹ́ ẹ̀, tí Windows sì wà lórí ẹ̀, máa ń béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-48 nọ́mbà bó bá ti rí motherboard tuntun. Ti laptop tó kú yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí ọ̀pọ̀ laptop ló ń ti disk ara wọn láì sọ fólówó wọn. Ẹ wọ àkáǹtì Microsoft yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ náà sábà máa ń wà.

Táíwò_Houston

Ti pé kẹ́ ẹ yọ wáyà yòókù, òótọ́ ni. Àmọ́ kò di dandan kẹ́ ẹ tún Windows fi. Mo gbé SSD mi láti Intel bọ́ sórí AMD, ó wá driver fúnra ẹ̀, ó pa, ó tún tan, ó wọlé. Gbogbo ètò tí mo ń lò ló bá a wá.

Ọ̀gá_Otigba (Ìkẹjà)

Táíwò, ó lè wọlé lóòótọ́, a ti rí irú ẹ̀ níbí. Ibi tó ti ń há rèé. Ọ̀pọ̀ Windows tí wọ́n fi sí kọ̀ǹpútà àtijọ́, MBR, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń pín disk, ni wọ́n lò. Motherboard tuntun púpọ̀ kì í tan nǹkan tí kò bá ti jẹ́ GPT (ọ̀nà tuntun) lábẹ́ UEFI (ìtanná ti òde òní), wọ́n ti yọ CSM, ohun tó ń jẹ́ kó tan ti àtijọ́, kúrò tàbí kí wọ́n pa á. SSD á wà níbẹ̀, BIOS (ètò inú motherboard tó ń tan kọ̀ǹpútà) á rí i, kò ní tan. Microsoft ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ mbr2gpt tó ń yí i padà láì pa fáìlì rẹ́, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe é fẹ́ni tí kò ní ẹ̀dà iṣẹ́ ẹ̀ níbòmíràn.

Èkejì, Windows 10 yẹn gan-an. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 2025. Kí lèèyàn ń gbé e wọ ilé tuntun sí? Windows 11 ni kẹ́ ẹ fi sórí NVMe. Bó bá ní kò rí TPM 2.0 (ohun ààbò tí Windows 11 ń béèrè), ó sábà máa ń wà níbẹ̀, wọ́n kàn pa á ni. Fún AMD, fTPM ni ẹ máa wá nínú BIOS. Fún Intel, PTT.

Táíwò_Houston

Mo gbà fún yín lórí MBR. Ẹ jẹ́ n fi ti láísẹ́ǹsì kún un: èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé iṣẹ́, motherboard yẹn ló so mọ́, kì í tẹ̀ lé SSD lọ. Èyí téèyàn dá rà lọ́tọ̀ ni ẹ lè so mọ́ àkáǹtì Microsoft yín kẹ́ ẹ tó tú kọ̀ǹpútà àtijọ́, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ.

Ẹ má fọ́máàtì SSD yẹn kíákíá o. Ẹ jẹ́ ó wà bó ṣe wà títí tuntun á fi dúró dáadáa. Ìgbà téèyàn bá pa á rẹ́ tán ló máa ń rántí fọ́ǹtì tó fi ń kọ orúkọ ìyàwó.

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé gan-an. Mò ń gbé CrystalDiskInfo wálẹ̀ báyìí. Ìbéèrè kan: wáyà iná SATA tó bá power supply tuntun wá kò gùn dé ibi tí hard disk máa jókòó. Ti power supply àtijọ́ wà lọ́wọ́ mi, ó gùn, orí ẹ̀ sì wọ ojú tuntun gẹ́lẹ́. Ṣé kí n fi lò?

Ọ̀gá_Otigba (Ìkẹjà)

RÁRÁ O. Ẹ yọ ọ́ bẹ́ ẹ bá ti kì í bọ̀ ọ́.

Apá tó ń wọ disk, bákan náà ló rí káàkiri ayé. Apá tó ń wọ power supply ni kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin kankan lórí bí wọ́n ṣe ń to 12 V, 5 V àti ilẹ̀ síbẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan náà lè tò ó lọ́nà méjì nínú oríṣi méjì tí wọ́n ń tà. Ó máa wọlé wẹ́rẹ́, bẹ́ ẹ ṣe rí i yẹn, torí ike ẹ̀ jọra. Ẹ ó wá tan kọ̀ǹpútà, 12 V á gba ibi tó yẹ kí 5 V gbà, gbogbo disk tó wà lórí wáyà yẹn á kú lẹ́ẹ̀kan náà. Irú iṣẹ́ yẹn wọ́pọ̀ lórí tábìlì mi ju hard disk tó dédé bàjẹ́ lọ.

Wáyà àfikún SATA tó ń gùn ún láti apá disk ni kẹ́ ẹ rà.

Àbíkẹ́_Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ tà yín ní èyí tó ń yí Molex (orí wáyà iná irú àtijọ́) sí SATA, ẹ wo orí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà á. Èyí tí wọ́n da ike bò pátápátá tẹ́ ẹ ò rí bí wáyà ṣe wọlé, irú ẹ̀ ló ti jóná mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Èyí tí wáyà kọ̀ọ̀kan há sínú orí tẹ́ ẹ lè rí lẹ́yìn ló dáa.

Ọmọ_Kétu (Kútọnu)

Ẹ kú ìjíròrò. Bẹ́ ẹ bá ti ki NVMe sójú M.2, ojú SATA méjì á kú. Ẹ má pariwo pé hard disk ti bàjẹ́ o, ẹ kàn gbé wáyà lọ sójú mìíràn.

Táíwò_Houston

Kì í ṣe gbogbo motherboard, ẹ̀gbọ́n. Àwọn kan máa ń pín ọ̀nà láàárín M.2 kejì àti SATA, àwọn mìíràn kì í pín in rárá. Ó wà nínú ìwé tó bá motherboard wá, níbi tí wọ́n ti ya àwọn ojú SATA. Ojú M.2 náà tún ní oríṣi: àwọn kan ń gba NVMe nìkan, wọn kì í gba M.2 onísàtà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yọ M.2 lára laptop àtijọ́ kó kọ́kọ́ wo èyí.

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn)

Mo ti rí èsì. Ẹ bá mi kà á, kò yé mi.

1 TB: 05 jẹ́ 0, C5 jẹ́ 0, C6 jẹ́ 0, C7 jẹ́ 26, 09 jẹ́ 5208.
500 GB: 05 jẹ́ 70, C5 jẹ́ 18. Ó kọ «Caution» ní àwọ̀ yẹ́lò.
SSD: ìlera ẹ̀ 91%.

Wákàtí 5208 kò pọ̀ àbí? Ó yà mí lẹ́nu, torí ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó.

Àbíkẹ́_Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ̀gbọ́n, hex (nọ́mbà tí wọ́n ń kà ní mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún) lẹ̀ ń kà. Báyẹn ni CrystalDiskInfo ṣe máa ń kọ Raw Values bí èèyàn ò bá yí i. Ẹ lọ sí Function, Advanced Feature, Raw Values, kẹ́ ẹ mú 10 [DEC]. 5208 yẹn, 21,000 wákàtí ni. C7 jẹ́ 38. Ti 500 GB: 05 jẹ́ 112, C5 jẹ́ 24.

Ọ̀gá_Otigba (Ìkẹjà)

Ó ṣé, Àbíkẹ́, èyí tó yẹ kí n ti sọ nìyẹn.

1 TB: 21,000 wákàtí kì í ṣe kékeré, bí ọdún méjì àti oṣù márùn-ún lórí iná láì sinmi ni, àmọ́ ara ẹ̀ le. Ẹ pààrọ̀ wáyà SATA ẹ̀, kẹ́ ẹ wo C7 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Nọ́mbà yẹn kì í wálẹ̀ láé, ohun tí à ń wò ni bóyá ó dúró. Bó bá dúró sí 38, wáyà ni.

500 GB: ẹ má tiẹ̀ ronú pé ẹ máa kì í bọnú tuntun. Bí nǹkan bá wà lórí ẹ̀ tẹ́ ẹ nílò, ẹ kó o kúrò lónìí, èyí tó ṣe pàtàkì jù lẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ má ṣe chkdsk /r, ètò Windows tó ń tún disk ṣe, lórí ẹ̀. Á máa fi disk tó ń kú lọ há ibi tó bàjẹ́ títí ó fi máa kú pátápátá. Bí ó bá ń há níbi tẹ́ ẹ ti ń kó fáìlì, ddrescue lórí Linux ló yẹ. Ibi tó dáa ló máa ń kọ́kọ́ kó, kó tó padà sí ibi tó le.

Alápẹpẹ (Ọ̀yọ́)

Ṣebí bó bá fọ́máàtì í ní kíkún, kì í ṣe kíákíá, C5 yẹn á pa rẹ́? Mo ti ṣe é rí, ó padà sí 0, ó di «Good».

Ọ̀gá_Otigba (Ìkẹjà)

Ó lè padà sí 0 lóòótọ́. Bí wọ́n bá kọ nǹkan tuntun sórí ibi tó ń ṣe iyèméjì, disk á mọ̀ bóyá ó ṣì dára tàbí kó fi ìpamọ́ rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo 05 lẹ́yìn náà. Bó bá gòkè láti 112, àìsàn yẹn kàn ṣí ìlà ni. Àti ariwo kẹ́-kẹ́-kẹ́ yẹn, fọ́máàtì kì í wò ó. Fún fíìmù àti orin téèyàn lè tún gbà, ẹ lò ó. Fún ìgbéyàwó ọmọ ẹlòmíràn, rárá.

Ọmọ_Kétu (Kútọnu)

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò kó iṣẹ́ tó ti parí sórí SSD 240 yẹn, kó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù? Kò ní ohun tó ń yí nínú.

Màmá_Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta)

Ọmọ mi, SSD tí kò bá rí iná fún ọdún kan á gbàgbé gbogbo nǹkan. Mo kà á.

Táíwò_Houston

Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ọ̀rọ̀ yẹn ní orísun, wọ́n kàn gé e kúrú. Ìlànà JEDEC, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà fún chip, ni: SSD irú ti ilé gbọ́dọ̀ lè pa nǹkan mọ́ fún ọdún kan láìsí iná, ní ooru 30°C, LẸ́YÌN tí wọ́n bá ti kọ nǹkan sórí ẹ̀ tó iye tí ilé iṣẹ́ ní ó lè gbà. Ti Ayàwòrán ṣì wà ní 91%, kò tíì débẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù Ìbàdàn nínú oṣù Ẹrẹ́nà máa ń gbóná ju 30 lọ, ooru sì máa ń yá ìgbàgbé náà. Mi ò ní fi SSD ṣe ibi ìpamọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́. Hard disk ni fún ìyẹn.

Bí èmi ṣe máa pín in: NVMe fún Windows àti iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́. SSD 240 fún cache àti proxy (fáìlì ìgbà díẹ̀ àti ẹ̀dà fídíò kékeré tí ètò ìgé fídíò ń lò), àwọn nǹkan tí kò dunni bó bá lọ. 1 TB fún iṣẹ́ tó ti parí. Ẹ má gé fídíò látorí 1 TB. NVMe tó wọ́pọ̀ báyìí ń ka ohun tó tó 3,500 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn mìíràn ju ìlọ́po méjì yẹn lọ. SSD onísàtà kì í kọjá bíi 550. Hard disk ńlá, bíi 150 sí 200 bí fáìlì bá jẹ́ ẹyọ kan gbọọrọ. Bí kámẹ́rà mẹ́ta bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lórí timeline, orí tó ń kà á níláti máa fò síwá sẹ́yìn, iye yẹn á já wálẹ̀ gidi.

Màmá_Ẹ̀gbá (Abẹ́òkúta)

Mo gbọ́, Táíwò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ eré sísá, iná ńkọ́? Èmi ń ṣe ìwé fún ilé ẹ̀kọ́, mo mọ ohun tí iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ń ṣe. Fáìlì tí kọ̀ǹpútà ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ ló máa ń bàjẹ́. Ayàwòrán, ra UPS kékeré kó o tó ra ohunkóhun mìíràn, kó lè gbé ọ dé ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ bá tan. Tó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ, yẹ bátìrì ẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ UPS tó wà lábẹ́ tábìlì àwọn èèyàn, àpótí lásán ni.

Kó o sì wo bóyá exFAT ni 1 TB yẹn. Tó bá jẹ́ òun, kó nǹkan kúrò, kó o sọ ọ́ di NTFS. exFAT kì í kọ àkọsílẹ̀ ohun tó fẹ́ ṣe kó tó ṣe é, bí iná bá lọ, òun ló tètè ń dàrú.

Ọ̀gá_Otigba (Ìkẹjà)

Màmá sọ ọ́ dé góńgó. Mo kàn fẹ́ fi èyí kún ti Táíwò: 1 TB yẹn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ibì kan ṣoṣo tí iṣẹ́ oníbàárà wà. Mo mọ̀ pé ẹ ní a ò gbọdọ̀ pe «rà». Ẹ fún oníbàárà ní tiẹ̀ lórí flash, kẹ́ ẹ fi fídíò tó parí nìkan pamọ́, kẹ́ ẹ pa àwọn tí kámẹ́rà yà ní tútù rẹ́ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àyè á pọ̀ tó fún ẹ̀dà kejì níbòmíràn.

Táíwò_Houston

Kí wọ́n wá padà wá lọ́dún kejì pé àwọn ò rí ìyá ìyàwó nínú fídíò? Èmi ò ní pa tútù rẹ́.

Ọ̀gá_Otigba (Ìkẹjà)

Kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́ ẹ tọ́jú tútù, kó mú hard disk tiẹ̀ wá.

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn)

Èyí dùn mọ́ mi o, mo máa kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Mo ti kó fáìlì kúrò lórí 500 GB, díẹ̀ ló kọ̀. Ẹnì kan ní Mọ́kọ́lá fẹ́ rà á báyẹn. Mo ti fọ́máàtì í, ṣé kí n tà á?

Àbíkẹ́_Peckham (Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ má tà á. Fọ́máàtì kíákíá kì í pa nǹkan rẹ́, orúkọ fáìlì ló ń yọ kúrò nínú ìwé. Recuva, ètò tó ń wá fáìlì tó ti pa rẹ́, lásán lè kó púpọ̀ nínú ẹ̀ padà. Hard disk tó dáa, ẹ kọ òdo bò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀kan, ó tó. Ṣùgbọ́n àwọn ibi 112 tí disk yẹn ti rọ́pò, ètò tó ń kọ òdo kì í débẹ̀ mọ́, ohun tó wà níbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ ba àwo inú ẹ̀ jẹ́. Mágínẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ lágbára, ẹ ṣọ́ ìka yín.

Fún SSD, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, kíkọ òdo kì í dé gbogbo inú ẹ̀. Secure Erase ni, ó wà nínú BIOS motherboard púpọ̀.

Ayàwòrán_Mọ́kọ́lá (Ìbàdàn)

Ó yé mi. Èyí tó kù: súkúrù tí mo yọ lára 1 TB kò wọ SSD. Ó kọ̀ jálẹ̀.

Ọ̀gá_Otigba (Ìkẹjà)

Ẹ má fi agbára wọ̀ ọ́, ojú ihò ẹ̀ á jẹ. Ti hard disk ńlá, 6-32 ni, ó nípọn, ẹsẹ̀ ẹ̀ fẹ̀. Ti SSD àti disk laptop, M3 ni, ẹsẹ̀ ẹ̀ há. Ẹ wo inú ọ̀rá kékeré tó bá case yín wá, méjèèjì sábà máa ń wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ yọ mẹ́rin lára laptop tó kú yẹn, níbi tó fi di hard disk mú.